Gbà, Má Fúnni

Ajá náà jókòó lé Láníyọnu láyà, ó sì ń kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

"Ẹ kú ewu ọmọ, ọ̀gbẹ́ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣí fìlà yín."

"Dìde lára mi!"

"Ẹ kú ewu ọmọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣí fìlà yín."

Ìyùnadé gbọ́ ariwo láti inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó sáré jáde pẹ̀lú ẹ̀mú lọ́wọ́. Àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ló bá lórí àpáta, tó nà gbalaja, tó fi ọwọ́ méjèèjì di fìlà mú bí ẹni tí ìjì ń jà lé lórí. Ajá Àdéhùn, tó jẹ́ irin láti imú dé ìrù, fi ìdí lé e láyà bí adìẹ tó ń sàba.

"Láníyọnu, kí ló wà nínú fìlà?"

"Orí mi ni."

"Lẹ́yìn orí ńkọ́?"

Láníyọnu gbójú sókè, ó ń wo sánmà bíi pé ibẹ̀ ni ìdáhùn wà. Ajá náà na imú. Imú yìí ni gbogbo ìlú Òkè-Arére ń bẹ̀rù. Ó lè gbóòórùn ẹ̀dà tí kò níwèé láti ẹ̀yìn ògiri mẹ́ta. Lọ́dún tó kọjá, ó gbóòórùn orin kan nínú ikùn ọkùnrin tó gbé e mì, ó sì jókòó ti ọkùnrin náà títí orin fi jáde.

Ìyùnadé kò dúró gbọ́ àlàyé. Ó já fìlà gbà, ó gbọ̀n ọ́n, hóró kan tí kò ju èso ẹ̀gúsí lọ sì já bọ́. Ó fi ẹ̀mú ká a mọ́, ó fún un. Pọ́ọ́!

"Ẹ ṣeun," ni ajá wí. Ó dìde, ó gbọn ara. "Ẹ̀dà kan ti kú. Kò tíì dé ọwọ́ ẹlòmíràn kó tó kú. Kò sí ẹjọ́. Ẹ kú ewu ọmọ."

"Ta ló bímọ?" Láníyọnu dìde, ó ń gbọn eruku ìdí. "Láti ọdún mẹ́fà tí wọ́n ti gbé ẹ dé ìlú yìí, kú ewu ọmọ lò ń kí gbogbo ayé. O kí ọkùnrin, o kí ewúrẹ́, o kí òkú lọ́jọ́ ìsìnkú! Ta ló kọ́ ẹ ní Yorùbá?"

"Wọ́n ní kíkí tó dùn jù ni."

"Imú ẹ ló dùn jù! Kí ló tiẹ̀ ń gbé imú burúkú yẹn ṣiṣẹ́?"

"Èémí ni. Èémí kan náà tó wà nínú ẹ̀rọ omi yín. Ẹ̀yin fi ń wá omi nínú afẹ́fẹ́, èmi fi ń wá olè."

Láníyọnu yíjú sí Ìyùnadé, ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀. "Omi ìyá mi lo fi ẹ̀mú fún pa yẹn."

"Mo mọ̀."

"O mọ̀, o sì fún un pa."

"Tí ajá bá lé ẹ dé Ilé Odò yín ńkọ́, tí hóró Èémí yẹn sì ti wọ ẹ̀rọ ìyá ẹ? Wọn á gba Èémí lọ́wọ́ gbogbo ìlú. Tiyín á gbẹ, tiwa á gbẹ, gbogbo wa á wá máa fi ahọ́n lá àpáta. Níbo lo ti rí i?"

"Mo lọ tún ẹ̀rọ Baálẹ̀ ṣe láàárọ̀. Ó yọ́ bọ́ sínú fìlà mi."

"Fúnra ẹ̀?"

"Ó rí i pé ibẹ̀ gbóná."

Ìyùnadé fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kọ̀. Òun gan-an ni adìgbá ìlú, òun ló sì mọ bí ọ̀ràn náà ṣe le tó. Lọ́dọọdún, kí ọyẹ́ tó dé, òun ló ń ṣa gbogbo ètò tí àwọn ẹ̀rọ ìlú fi ń ronú, tó ń yẹ ìwé wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń dì wọ́n sínú Igbá kan ṣoṣo tí gbogbo ilé ń bù nínú rẹ̀. Wọ́n fín òfin Igbá sára àtẹ́rígbà ṣọ́ọ̀bù náà: ẸNI TÓ BÁ GBÀ Á LÈ ṢÍ I WÒ, LÈ TÚN UN ṢE, LÈ FÚN ỌMỌNÌKEJÌ. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló ti gbà á. Ìyá rẹ̀ náà gbà á lọ́wọ́ ẹni tó gbà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn, títí dé ọ̀dọ̀ àgbà ayé àtijọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Líńúùsì. Kò sẹ́ni tó mọ̀ mọ́ bóyá ènìyàn ni tàbí orúkọ ìlú.

Èémí nìkan ni kò lè wọ Igbá. Ilé-iṣẹ́ Ìrì-Wúrà, àwọn tó ni Ajá Àdéhùn, ló ni ín, wọn kì í sì í gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Lọ́fẹ̀ẹ́ lófò! Ṣùgbọ́n o gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ ara rẹ gun àpáta, kí o gbà á lẹ́nu ilé-ìṣọ́ wọn fúnra rẹ. Bí o bá sì gbà á tán, o kò gbọdọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, níbi tó yẹ kí Èémí wà nínú Igbá, ètò kékeré kan ni Ìyùnadé máa ń fi síbẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni Ońṣẹ́. Ońṣẹ́ kò ru ẹrù kankan. Ó kàn mọ ọ̀nà ilé-ìṣọ́.

Lónìí, ibi tí Ońṣẹ́ mọ̀ ti fẹ́ di ahoro. Ní kùtùkùtù, láìsọ fẹ́nikẹ́ni, ilé-ìṣọ́ pa ẹnu dé. Ènìyàn mọ́kàndínlógún péré ló ti gba Èémí tuntun, Ilé Àpáta sì ni gbogbo wọn, nítorí pé Baálẹ̀ ló ń to ìlà, Baálẹ̀ sì mọ ará ilé rẹ̀. Kò sí ẹyọ ẹnì kan láti Ilé Odò, àwọn ará pẹ̀tẹ́lẹ̀. Èémí àtijọ́ ti ń tòògbé nínú gbogbo ẹ̀rọ láti ìjẹta, omi kò fi bẹ́ẹ̀ kán mọ́, yóò sì sùn pátápátá láàárọ̀ ọ̀la.

"Wá," ni Ìyùnadé wí, ó gbé Igbá há abíyá, ó di ọwọ́ Láníyọnu mú. "Ká lọ sí góńgó."

*

Èrò ti pé nídìí ilé-ìṣọ́. Ará Odò gbé kẹ́ẹ̀gì òfìfo lórí bí ẹni pé bí kẹ́ẹ̀gì bá ti pọ̀ tó, àánú á ṣe ilé-ìṣọ́. Lókè, àwọn ẹyẹ irin ń rábàbà pẹ̀lú okùn gígùn lẹ́nu, wọ́n ń dúró de àsìkò.

Ajá bá àárín èrò kọjá, ó gun òkúta kan, ó kéde. "Ẹ kú ewu ọmọ, gbogbo ìlú. Ilé-iṣẹ́ Ìrì-Wúrà ti di ti ẹlòmíràn. Nígbà tí oòrùn bá kan àtàrí, ilé-ìṣọ́ yóò wó. Títí dìgbà náà, mo ṣì lè lu èdìdì sí ìwé ẹni tó ti gba Èémí. Lẹ́yìn rẹ̀, n kò lè lu nǹkan kan mọ́."

"Ajá," ni ohùn kan wí láti ìsàlẹ̀, "ka àdéhùn náà sí mi létí."

Ìyá Àgbà ni, ìyá tó bí bàbá Ìyùnadé, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ṣùgbọ́n tí ohùn tíṣà kò tíì fẹ̀yìn tì lọ́fun rẹ̀.

Gbogbo èrò wo ara wọn. Ka àdéhùn? Ta ní í ka àdéhùn? Láti ọdún mẹ́fà, bí ó bá ti yọ lójú ẹ̀rọ, ìka ni wọ́n máa ń tẹ̀ mọ́ MO GBÀ, tí wọn á sì wá omi mu.

Ìrù ajá náà mì díẹ̀. Wọn kò rí i kó mì rí. "Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀, ọmọ mi. Kà á kó já gaara."

"Abala kìn-ín-ní: Ìrì-Wúrà ló ni Èémí. Abala kejì: ẹni tó bá gbà á, fún ara rẹ̀ ló gbà á. Abala kẹta: kò gbọdọ̀ pín in."

"Dúró níbẹ̀!" Ìyùnadé fò síwájú. "Tí mo bá gé iṣu sí méjì, tí mo fún ẹ ní ìdajì, kí ni mo ṣe?"

"Ẹ pín in."

"Tí mo bá wá gbé odidi iṣu fún ẹ, tí odidi iṣu mi náà sì wà nílé láìdín, mo pín in?"

Ajá náà yí ara rẹ̀ po lẹ́ẹ̀mẹta, bí gbogbo ajá tó fẹ́ sùn. Ìyẹn ni bó ṣe máa ń ronú. "Ẹ kò pín in," ló wí níkẹyìn.

Ariwo sọ! Kẹ́ẹ̀gì ń fò lókè, Láníyọnu ju fìlà sókè, fìlà kò tíì balẹ̀ tí ajá fi gbé ẹsẹ̀ iwájú kan sókè.

"Abala kẹrin: kò gbọdọ̀ fi fúnni, kò gbọdọ̀ fi yáni, kò gbọdọ̀ tà á, kò gbọdọ̀ sọ ọ́ nù síbi tí ojú ẹlòmíràn tó, kò sì gbọdọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ gbàgbé rẹ̀ sílé àna."

Fìlà balẹ̀ pì.

"Ta ló kọ abala kẹrin?" ni Láníyọnu bèèrè.

"Ẹnì kan tó ní àna," ni Ìyá Àgbà wí. "Máa kà á lọ, ajá."

Ajá kà. Ó ka abala karùn-ún, ẹnu àwọn kan ń yán. Ó ka ìkẹjọ, ọmọ ọwọ́ kan sùn. Ó dé ìkẹsàn-án: "Ẹni tó bá gbà á lè fi í sínú gbogbo ẹ̀rọ tó wà nínú agbo ilé rẹ̀."

Ìka Ìyá Àgbà lọ sókè bí ti ẹni tó fẹ́ pe akẹ́kọ̀ọ́ aláriwo jáde. "Tún un kà."

"…tó wà nínú agbo ilé rẹ̀."

"Ta ló túmọ̀ rẹ̀?"

"Èmi ni."

"Kí ni wọ́n kọ lédè tiwọn?"

"Ọkọ, aya àti ọmọ, lábẹ́ òrùlé kan. Mo wo ìwé atúmọ̀. Mo kọ agbo ilé." Ajá na etí. "Ṣé mo ṣì í ni?"

Gbogbo èrò na ọrùn síwájú.

"Àṣìṣe kẹ̀?" Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Kí àdéhùn wọn ní ká ṣe bí ọ̀rọ̀ bá pé méjì?"

"Abala kejìlá: èdè tí ẹ fi tẹ ìka ni a ó fi dá ẹjọ́."

"Yorùbá la sì fi tẹ̀ ẹ́. Má fọwọ́ kàn án, ọmọ mi. Ó dára bẹ́ẹ̀."

Baálẹ̀ kò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. Ọkùnrin rọ̀bọ̀tọ̀ ni, agbádá rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ dé ibi tó ń lọ. "Ó parí! Agbo ilé kan ni Ilé Àpáta! Ẹ̀yin ará ilé mi, ẹ lọ fọ kẹ́ẹ̀gì!"

"Àwa ńkọ́, Baálẹ̀?" ni Láníyọnu bèèrè.

"Àánú yín ń ṣe mí, ọmọ mi, àánú yín ń ṣe mí gan-an. Ṣùgbọ́n àtọ̀húnrìnwá ni yín, ẹ kò bá wa tan. Òfin ni, kì í ṣe èmi."

"Ó dáa, sà. Ẹ ṣáà rántí pé oko wa ni sólà tó ń gbé ẹ̀rọ yín ṣiṣẹ́ wà. Eruku ọyẹ́ ń bọ̀. Ẹni tí ọ̀fun rẹ̀ bá gbẹ, kò dájú pé ọwọ́ rẹ̀ á ràn án láti nu sólà o."

Baálẹ̀ wúkọ́. Ó tún wúkọ́. Ó gbé apá agbádá ọ̀tún sórí èjìká, ó gbé tòsì, nígbà tó sì máa gbójú sókè, ìfẹ́ ti kún ojú rẹ̀ dẹ́nu.

"Ta ló ní àtọ̀húnrìnwá?" ló ké. "Ìyá kan náà ló bí wa!"

"Baálẹ̀," ni ajá wí, "ìwé ẹjọ́ ọdún mọ́kànlélógún sẹ́yìn wà lọ́wọ́ mi. Ẹ búra pé àlejò ni bàbá ará Odò, pé ìdí nìyí tí wọn kò fi lè jẹ Baálẹ̀ láéláé."

"Òùngbẹ kò gbẹ mí lọ́jọ́ náà!"

"Bí ẹ bá búra tuntun, tí adìgbá sì tẹ ìka sí i pé òótọ́ ni, ìlú di agbo ilé kan, ẹ̀jẹ̀ kan. Èémí lè wọ Igbá, gbogbo ilé lè bù ú." Ajá náà ń ka nǹkan kan tí ẹlòmíràn kò rí. "Mo ní láti sọ èyí tó kù. Ẹ̀jẹ̀ kan kì í fẹ́ ara wọn. Ìgbéyàwó Ìyùnadé ọmọ Àpáta àti Láníyọnu ọmọ Odò, tó wà fún ọjọ́ kẹsàn-án òní, yóò di èèwọ̀. N óò pa á rẹ́ nínú ìwé. Ẹ kú ewu ọmọ."

Ó na ẹsẹ̀ iwájú sí Ìyùnadé. Àwo dígí kékeré kan ṣí ní àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń dúró de àtàǹpàkò.

Baálẹ̀ ti búra kí ajá tó sọ̀rọ̀ tán.

Ìyùnadé wo àwo náà. Ó wo oòrùn. Ó kù díẹ̀ kó kan àtàrí. Ó wo àwọn ará Odò, ètè wọn ti ń fọ́. Láti ọjọ́ tó ti ń dì í, irọ́ kan kò wọ Igbá rí. Ètò tí ìwé rẹ̀ kò bá pé, bó ti wù kó dùn tó, ìta ló ń sùn. Ṣé òun ni yóò wá fi irọ́ Baálẹ̀ ṣe ìdérí Igbá? Ká tilẹ̀ gbé irọ́ tì. Láníyọnu ńkọ́? Ọdún mẹ́rin ni wọ́n ti ń gun àpáta yìí tọ ara wọn wá. Kò sí ẹlòmíràn láyé tó ń fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan rẹ́rìn-ín bó ti ń ṣe.

Láníyọnu súnmọ́ ọn. "Tẹ̀ ẹ́."

"O gbọ́ ohun tí ajá sọ?"

"Mo gbọ́. Ìyá mi fi omi àná ta ẹnu lásán ni, ó gbé ìyókù fọ́mọ ẹ̀gbọ́n mi." Ó gbìyànjú ẹ̀rín ẹ̀gbẹ́ ẹnu náà, kò yọ. "Tẹ̀ ẹ́, àbúrò mi. Ìwọ kí o kàn máa kúnlẹ̀ kí mi láàárọ̀, mo jù ẹ́ lọ lóṣù méjì."

Ìyùnadé gbé àtàǹpàkò.

"Ìyàwó wa, má tẹ̀ ẹ́ o!" ni obìnrin Odò kan ké láti ẹ̀yìn.

"Ìyàwó wa, tẹ̀ ẹ́ jàre, ọmọ ń ké!" ni ìkejì dáhùn.

"Ìyàwó wa ni, ẹ jẹ́ kó ronú!"

Àtàǹpàkò dúró lófuurufú. Ìyùnadé yí ojú padà sí àwọn obìnrin náà. "Kí lẹ pè mí?"

"Ìyàwó wa. Kí ni ká pè ẹ́?"

"Ajá!" Ó ká ọwọ́ kò. "Ìyá Àgbà yìí, ṣé ó wà nínú agbo ilé Àpáta?"

"Ó wà níbẹ̀."

"Ṣé ẹ̀jẹ̀ Àpáta ni?"

"Rárá. Ìlú tí wọ́n bí i sí jẹ́ ìrìn ọjọ́ méjì."

"Báwo ló ṣe wá dé inú agbo ilé wa?"

"Ìyàwó ilé ni," ni ajá wí.

"Ọgọ́ta ọdún ó lé!" ni Ìyá Àgbà gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Kódà títí di òní, n kò pe Baálẹ̀ yìí lórúkọ rí. Wọ́n bí i lójú mi, mo pọ̀n ọ́n, ó tọ̀ sí mi lẹ́yìn, síbẹ̀ ọkọ mi ni mò ń pè é. Àbí irọ́ ni, ọkọ mi?"

Baálẹ̀ yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Nígbà tó di ìyàwó níbí," ni Ìyùnadé ń bá a lọ, "ṣé wọ́n lé e kúrò nínú agbo ilé bàbá tó bí i?"

"Ta ni yóò lé mi?" Ìyá Àgbà gbáyà. "Ọmọ-osú ni mí níbẹ̀! Mo ṣì ní yàrá!"

Ajá yí po lẹ́ẹ̀mẹta. Ó dúró. Ó tún yí po lọ́nà kejì. "Ìyá yìí ní agbo ilé méjì," ló wí, bí ẹni tó rí owú láàárín irin. "Láìsí irọ́ níbẹ̀."

"Èmi Ìyùnadé, mo wà nínú àwọn mọ́kàndínlógún tó gba Èémí. Ọmọ Àpáta ni mí. Tí mo bá wá di ìyàwó Odò?"

"Agbo ilé yín ni Àpáta. Agbo ilé yín ni Odò. Abala kẹsàn-án kò sọ pé ọ̀kan ṣoṣo ni ènìyàn gbọ́dọ̀ ní." Etí ajá rọ̀. "Ṣùgbọ́n ẹ kò tíì di ìyàwó. Ọjọ́ kẹsàn-án òní ni."

"Òní ni!"

"Ìwé mi sọ pé: ìyàwó ni obìnrin tí ìdílé rẹ̀ fà lé ọkọ lọ́wọ́, tí a sì fi omi fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ọkọ, kó tó wọlé. Mo gbọ́dọ̀ fi ojú ara mi rí i. Wọn kò sì jẹ́ kí n kúrò lórí àpáta lónìí."

Gbogbo wọn wo ìsàlẹ̀. Ilé Láníyọnu rèé ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, ó kéré bí àpótí ìṣáná.

"Ẹnu ọ̀nà ló ní," ni Láníyọnu wí jẹ́jẹ́. Lójijì ó ké: "Ẹnu ọ̀nà ló ní! Kò ní gbogbo ilé!" Ó sì ti ń sáré lọ, àwọn ọ̀dọ́ Odò tẹ̀ lé e, kẹ́ẹ̀gì ń yí gbirigbiri tẹ̀ lé wọn.

Lórí àpáta, ìyẹn kò dá wàhálà dúró. Ṣòkòtò iṣẹ́ tó kún fún gírísì ló wà lára ìyàwó. Ìyá Àgbà bọ́ agbádá Baálẹ̀ lára rẹ̀, ó fi bo ọmọ-ọmọ rẹ̀ lórí dé ẹsẹ̀.

"Sunkún," ló wí fún un. "Ìyàwó kì í lọ láìsunkún."

"Ìyá Àgbà, kò sáyè!"

"Sun díẹ̀."

"Hẹ̀ẹ́," ni Ìyùnadé sun láti inú agbádá.

"Kò dùn, ṣùgbọ́n ó tó."

Wọ́n rí wọn tó ń bọ̀. Ọkùnrin mẹ́fà gbé ilẹ̀kùn, tòun ti àtẹ́rígbà, tòun ti bíríkì méjì tó kọ̀ láti jábọ́. Ìyá Láníyọnu wà lẹ́yìn wọn, ó ń pariwo pé ewúrẹ́ á wọlé òun. Wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà dúró gbagidi ní góńgó àpáta, sánmà níwájú, sánmà lẹ́yìn.

"Baálẹ̀," ni ajá wí, "ẹ fa ọmọ yín lé wọn lọ́wọ́."

Baálẹ̀ dúró nínú bùbá péńpé, ó kéré sí bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n. "A fa ọmọ wa Ìyùnadé fún ará Odò," ló wí, "tí a kò bá tan níbì kankan."

"Ìyá kan náà ńkọ́?" ni Láníyọnu fi èémí tó kù lọ́fun rẹ̀ bèèrè.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

Ó wá ku omi. Ọ̀rọ̀ náà dé bá gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀rín sì gbẹ. Ìyá Àgbà tú ẹnu ìró, ó fa ìgò kékeré kan yọ, ìgò tó fi ń gbé oògùn rẹ̀ mì. Omi inú rẹ̀ kò ju ẹ̀kúnwọ́ kan lọ. Ó fún ìyá Láníyọnu. Obìnrin náà, tí kò mu omi láti àná, gbé ìgò náà dání, ó lá ètè. Ó bẹ̀rẹ̀, ó dà á sí ẹsẹ̀ ìyàwó: ọ̀tún, òsì, kán-in, kán-in, títí ìgò fi gbẹ. Àpáta mu ún kó tó ṣàn.

Ìyùnadé gbé ẹsẹ̀ tútù kọjá ẹnu ọ̀nà tí kò ní ilé.

"Mo rí i," ni ajá wí. Ìró èdìdì dún lára rẹ̀: gbàà! Oòrùn kan àtàrí.

Àwọn ẹyẹ irin sọ̀ kalẹ̀, wọ́n so okùn, wọ́n fà. Ilé-ìṣọ́ tẹ̀, ó ṣubú, eruku bo gbogbo wọn. Nígbà tí eruku máa fi rọlẹ̀, Ìyùnadé ti kúnlẹ̀ ti Igbá, ó yọ Ońṣẹ́ tó kàn mọ ọ̀nà kúrò, ó fi Èémí fúnra rẹ̀ sí àyè náà, àwọn ará Àpáta àti Odò sì ń na ọkàn ẹ̀rọ wọn, wọ́n ń bù ú.

Ajá nìkan ni kò mira. Iná ojú rẹ̀ ti ń pọ́n bàìbàì.

"Wọn kò gbé ẹ lọ?" ni Ìyùnadé bi í.

"Orúkọ mi kò sí nínú ẹrù wọn. Èémí imú mi náà yóò sùn. Ẹ kú…" Ó jọ pé ó ń wá kíkí tó tọ́ fún irú èyí, kò sì rí i.

Ìyùnadé wo ìwé tí èdìdì rẹ̀ ṣì gbóná. "Gbogbo ẹ̀rọ tó wà nínú agbo ilé rẹ̀. Ajá, ẹ̀rọ ni ẹ́ àbí kì í ṣe ẹ̀rọ?"

"Irin láti imú dé ìrù."

"Kọjá ẹnu ọ̀nà yìí, kó o wá sọ́dọ̀ mi."

"Ìyùnadé!" ni Láníyọnu ké. "Ajá tó jókòó lé mi láyà!"

"Ọkọ mi, ẹ yà lọ́nà fún un."

Ajá náà fa ara rẹ̀ kọjá. Ìyùnadé ṣí ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀, ó bu Èémí sí i. Lákòókò yẹn ni ẹ̀rọ omi kékeré tí ará Odò kan gbé gun àpáta wúkọ́, ó pariwo, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fún afẹ́fẹ́ bí ẹni ń fún aṣọ. Omi àkọ́kọ́ kán. Ìyá Láníyọnu kọ́kọ́ mu. Ìyá Àgbà wá fi àtẹ́lẹwọ́ gbe díẹ̀ bọ̀, ó tẹ̀ba níwájú ajá. "Mú ẹsẹ̀ wá. Ọ̀kan, èjì… Mẹ́rin! Ìyàwó wo ló ní ẹsẹ̀ mẹ́rin?"

Iná ojú ajá tàn. Ó fa imú, ó yíjú sí Láníyọnu. "Ọ̀gbẹ́ni, hóró kejì há sínú ìṣẹ́po fìlà yín láti àárọ̀."

Láníyọnu di igi. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sórí fìlà, ó pẹ́ jù.

"Ó ti níwèé," ni ajá wí, ó sì jókòó sílẹ̀ lórí àpáta, kì í ṣe lórí àyà ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀rín ńlá ló bẹ́ láàárín àwọn obìnrin Odò. Wọ́n yí Ìyùnadé ká nínú agbádá Baálẹ̀, wọ́n wo ajá irin tó gbé orí lé e lẹ́sẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì pàtẹ́wọ́.

"Ìyàwó wa," ló wí, "ẹ kú ewu ọmọ o!"

Ìrù ajá ń nà mọ́ àpáta gbì, gbì, gbì. "Ṣé ẹ rí i?" ló wí fún Láníyọnu. "Mo ní kíkí tó dùn jù ni."